Aago Tí Kò Ní Nọ́ńbà

"Bàbá, ẹ ò kọ nọ́ńbà sí i."

Dókítà ti bébà padà síwájú arúgbó náà. Ó ti ní kí arúgbó náà ya aago, kí òun lè mọ̀ bóyá ó ti ń ṣarán. Òbìrìkìtì kan, ọwọ́ aago méjì àti àmì róbótó kékeré kan lókè ni arúgbó yà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ẹ wo aago ọrùn ọwọ́ yín, òun náà ò ní nọ́ńbà! Bàbá mi ló ya àwòrán tí ilé iṣẹ́ aago fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yà á, àwọn ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ní orí wọn ò pé."

Ojú ti dókítà. Ó bọ́ aago náà, ó gbé e lé arúgbó lọ́wọ́.

Arúgbó fi àtàǹpàkò ra ojú aago, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹni tó ya èyí mọṣẹ́ o. Ṣé ó ṣì wà láyé?"