Ajá Tí Mo Fi Ń Ṣọ́ Ìyàwó Mi

Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí.

Torí àwọn ajínigbé ni mo ṣe ra ajá fún ìyàwó mi.

Ìyá ajá náà, ajá ulé. Bàbá rẹ̀, ajá òyìnbó ràgàjì.

Ọwọ́ ìyàwó mi nìkan ló ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan, mo dé oko kòkó wa, mo bá ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú àdá.

Ìyàwó mi wà nílẹ̀, ajá dúró tì í, ó ń gbó.

Wọ́n ju uṣu sí ajá, kò wò ó.

Mo pariwo sí ajá: "Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o!"

Ọ̀kan yíjú. Dáramọ́lá, ará oko wa ni.

"Baba, ẹ pe ajá yín! Ejò ló ṣán Ìyá! Àtàárọ̀ la ti fẹ́ gbé wọn lọ ọsibítù!"

Mo pè é. Ó wá bá mi, ó ń jurù.

Ara ìyàwó mi ti tutù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ajá yìí, ẹ kọ tiyín síbí o.