Iye Tí Bàbá Pe Ilé Náà

Ọgọ́rin mílíọ̀nù ni bàbá pe ilé náà, alágbàtà sì rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

"Bàbá, ogójì ni wọ́n ta ilé ẹ̀gbẹ́ yín yìí, tòun ti ibi ìgbọ́kọ̀sí."

"Ilé ẹ̀gbẹ́ lo pè é. Ṣé òun náà nìyí?"

Obìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun ló gbé iṣẹ́ náà fún alágbàtà lórí fóònù. Ó ní bàbá wà nílé tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un, kí ilé ṣáà tà kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gbé e fún ẹlòmíràn. Alágbàtà ò tíì rí ilé kankan tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti ń bi í bóyá kò ní wá iṣẹ́ mìíràn kún un.

Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ wá wò ó. Bàbá mú wọn yípo. Ó fi ibi tí òjò ti ń jò hàn wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Nígbà tí ìyàwó fẹ́ rí yàrá ẹ̀yìn, bàbá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ òun. Wọ́n bi í ní iye, ó dá wọn lóhùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

"Bàbá, ṣé báyìí la ṣe ń tajà?"

"Ṣé kí n wá purọ́ fún ọmọlọ́mọ ni?"

Oníṣòwò kan dé lẹ́yìn wọn, ó ní òun á san méjìlélógójì lójú ẹsẹ̀. Bàbá mirí.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi!"

"Èmi náà ńkọ́? Tí ilé yìí bá lọ báyìí, ibo ni kí n forí pamọ́ sí?"

Inú ń bí alágbàtà, àánú sì tún ń ṣe é. Ó ti mú fóònù lẹ́ẹ̀mejì láti pe obìnrin náà, ó tún gbé e sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìwọ̀sí ni kéèyàn gba ẹ̀yìn àgbà lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọmọ.

Oṣù kù díẹ̀ kó parí nígbà tí kọngilá kan fẹ́ràn ilẹ̀ náà débi pé ó dá àádọ́ta lé e. Alágbàtà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá ní owó ti lé sí i, ó ti di àádọ́rùn-ún. Kọngilá bú sẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Ó sú alágbàtà pátápátá. Ó jáde sí ìta gbangba, ó tẹ nọ́ńbà obìnrin náà lókè òkun.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ bàbá yín, kí wọ́n jẹ́ ká ta ilé yìí ní iye tó tọ́ sí i."

"Bàbá mi ti kú tipẹ́," ni obìnrin náà wí, "ayálégbé ni bàbá tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ sanwó ilé mọ́, kí wọ́n ṣáà máa gbébẹ̀ títí ilé á fi tà."