Ìsinmi Ìdajì Wákàtí

Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń tò síwájú Ìbídùn, nọ́ọ̀sì àyẹ̀wò l'Ábẹ́òkúta, kí ẹ̀rọ lè wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti ọ̀rá ara wọn, kó sì sọ bí ewu àrùn ọkàn wọn ṣe tó. Ẹni tí tiẹ̀ bá ju ọgbọ̀n lọ nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ yìí, ó kan Alàgbà Ṣówándé, ọ̀gá tó fi èsì irú ẹ̀rọ yìí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá Ìbídùn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ọmọ mi, mo sáré wá ni. Òfin fún wa ní ìdajì wákàtí láti fi sinmi, ká tún un wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jókòó."

Ó bu omi fún un, ó sì jókòó tì í.

"Bàbá mi náà bẹ̀ yín fún ìsinmi yìí. Tíṣà Ṣódípọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ ní kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀."

Ṣówándé gbé ife omi sílẹ̀. Ìbídùn kò gbóhùn sókè. Ó rọra ròyìn bí ìbànújẹ́ ṣe pa bàbá rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọn kò ti lè jẹun mọ́ títí dé ọjọ́ ìsìnkú, títí ìdajì wákàtí náà fi pé. Lẹ́yìn náà, ó tún so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá.

Mẹ́rìnlélógójì.

"Ẹ ti sinmi tán, sà," ni ó wí, ó sì gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú Ìbídùn tutù pẹ̀sẹ̀.