Bàálù Òdìkejì Odò

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Ugbonla, Moríkẹ́ á ní kí wọ́n gbé àga òun síta, sórí afárá pákó iwájú ilé. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dá ṣáká. Láti òdìkejì odò, níbi tí ilé Kingsley wà, ó máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré tí Dáfídì, ọmọ Moríkẹ́, kàn.

Ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ni Dáfídì ti yọ ẹ́ńjìnnì náà. Ó ra ẹ̀rọ ọ̀hún ní tòkunbọ̀ ní Igbokoda, àwọn aládùúgbò sì fi í rẹ́rìn-ín pé koríko wo ló fẹ́ gé lójú omi. Fóòmù ló fi ṣe apá bàálù náà. Bẹntiróòlù díẹ̀ ló ń mu. Rìmóòtù ni Dáfídì fi máa ń darí rẹ̀, tí yóò ta òkìtì lójú ọ̀run, tí yóò dojú dé, tí yóò tún gbéra. Okùn tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì náà ti já, nítorí náà ó di kí èèyàn gbé e kalẹ̀, kó fi ọwọ́ gbá abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ti gé Dáfídì lọ́wọ́ rí. Moríkẹ́ ló di ọgbẹ́ náà, nígbà tí ó ṣì ń ríran díẹ̀.

Nítorí bàálù yìí ni ìyá àti ọmọ ṣe jà. Moríkẹ́ ní kó tà á, nítorí lọ́jọ́ kan yóò já sínú omi, Dáfídì náà yóò sì bẹ́ tẹ̀lé e. Dáfídì kó aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé Kingsley ọ̀rẹ́ rẹ̀. Hánà àbúrò rẹ̀ ló wá ń tukọ̀ lọ, tó ń tukọ̀ bọ̀, tó ń jíṣẹ́. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ohunkóhun má ṣe já Moríkẹ́ láyà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, Moríkẹ́ bu ọbẹ̀ ẹja sínú abọ́, ó dé e, ó gbé e lé itan.

"Ṣé o sọ fún un pé mi ò bínú mọ́?"

"Mo sọ ọ́, Màmá."

"Kí ló wá wí?"

Hánà ń ká etí ìró rẹ̀. "Ó ní òun ń bọ̀."

"Ojoojúmọ́ ló ń bọ̀. Kingsley náà ńkọ́? Ẹni tí kì í jẹun nílé ara rẹ̀, kò fojú kan ọbẹ̀ mi mọ́."

"Ó ń tún àwọ̀n ṣe."

"Pẹ̀lú ikùn òfìfo?" Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Happiness, aládùúgbò wọn, ń tukọ̀ kọjá. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ta òkìtì, Màmá," ó wí. Omi tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

"Dáfídì kì í jẹ́ kó lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́," Moríkẹ́ sọ.

"Afẹ́fẹ́ òkun ló ń ṣọ́ra fún," Hánà dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́n."

Lójijì, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó sì kú.

Moríkẹ́ di apá àga mú. "Ó ti já. Hánà, má jẹ́ kó wọ omi. Pè é."

Hánà dìde, kò pe ẹnikẹ́ni. Wọn kò gbọ́ kí ohunkóhun já sómi. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà tún gbiná, ó ń ké bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ọ, Màmá. Kò já. Ó tún ti ń fò."

"Ta ló wá gbá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀run?" Moríkẹ́ béèrè. Ó ṣí abọ́ ọbẹ̀, ó tún un dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Sọ fún Kingsley kó gbé ẹ́ńjìnnì yẹn sílẹ̀, apá á ti máa ro ó," ó ní, "kí o sì wá mú mi lọ síbi tí ẹ sin Dáfídì sí."