Ìjókòó Kejì

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Láṣebìkan wá fi sinmi lọ́dọ̀ Adéṣínà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìlara ti ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ilé Adéṣínà tóbi, ọkọ̀ rẹ̀ ń dán. Àní pápá béèsìbọ́ọ̀lù tí wọ́n wá wò nírọ̀lẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ Adéṣínà ni ẹ̀ṣọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Kò sí eré, kò sí èrò. Gbogbo ìjókòó ló ká sókè, àfi ẹyọ kan níwájú tó tẹ́ sílẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohùn obìnrin kan jáde: "Àjàní o! Àjàní!"

Adéṣínà di ọwọ́ Láṣebìkan mú. "Má dáhùn o. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àjàní, ìwọ náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ín."

Inú bí Láṣebìkan. Ìyá tirẹ̀ náà ti kú, kò yọjú sí i rí, kódà lójú àlá. Ṣé àwọn òkú náà ti wá mọ ẹni tó rọ́wọ́ mú ni?

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ké: "Èmi rèé o, mà!"

Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Adéṣínà ń wò yíká, ó ń pariwo orúkọ Láṣebìkan bí ẹni tí kò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ èjìká wọn ṣì ń kan ara wọn.

Níwájú, ìjókòó kejì rọra tẹ́ sílẹ̀.

"Wá jókòó tì mí, ọmọ mi," ni ohùn náà wí. Kò ti inú ẹ̀rọ wá mọ́.