Addi àti Òkúta Dúdú Ẹ̀yìn Òkè

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀, ẹ má fò ó. Ìparí rẹ̀ ló ń dùn mí.

1. Ní Mòrókò, Ọlọ́run ò pín òkúta máńgánísì, òkúta dúdú tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe irin, káàkiri. Ó kó o sí Ìmínì, ó fi díẹ̀ sí Bu Àrfà, ó sì fo ọ̀pọ̀ ìlú dá. Abúlé Addi wà lára àwọn tó fò. Òkè kan péré ló là wọ́n láàárín pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà. Bí ọkọ̀ akóòkúta bá ti ń kọjá báyìí, ara Addi ò ní balẹ̀ mọ́. Kò lè jókòó mu tíì tán.

"Tuda, òkúta tiwa náà dúdú," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Kí ni tiwọn fi ju tiwa lọ?"

"Ẹ fọ́ ọ wò ná, Bàbá Itto." Orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pè é. "Awọ rẹ̀ nìkan ló dúdú."

Ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀ pé òkúta aṣálẹ̀ máa ń dúdú lára, inú rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n; máńgánísì ní tirẹ̀ dúdú dénú. Addi ò fọ́ ọ. Ẹ̀rù ohun tó máa rí ló ń bà á.

2. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi abúlé náà ń gbà wá láti ẹsẹ̀ òkè, nínú ojú ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́. Kòtò tò sórí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé lọ kó ẹrẹ̀ lọ́dọọdún. Addi rò ó pé kí lòun tún ń gbẹ́ kòtò tuntun sí. Ó gbé díígà kọ́ èjìká. Bàbá Bassou, tó ń pín omi fún oko kálukú, bá a lẹ́nu kòtò.

"Addi, ibi tá a ti ń mu omi lo fẹ́ gbẹ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, Bàbá. Bí mo bá rí i, gbogbo wa la máa jẹ ẹ́."

"Bó ò bá wá rí i ńkọ́?"

Addi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ̀rù lẹ fi ń jẹ búrẹ́dì." Ó sọ̀kalẹ̀.

3. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, amọ̀ pupa ló ń rí. Ní ọjọ́ kẹwàá, sùúrù rẹ̀ tán, ó sọ díígà mọ́ ìsàlẹ̀ omi gan-an. Ilẹ̀ là. Omi ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé ibẹ̀ ń gbẹ fún òun. Ìgbà tó yá ló yé e pé omi abúlé ló ń jò wọlẹ̀ lọ. Ó bọ́ jalábíà rẹ̀, ó fi ń dí ihò náà, ó ń ké pe Bàbá Bassou. Omi ti rí ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

4. Ọgbà álímọ́ńdì tí ìyá Tuda fi sílẹ̀ fún un ló kọ́kọ́ gbẹ. Ìdílé mọ́kànlá kó kúrò nílùú. Lọ́jọ́ tí Tuda di ẹrù tirẹ̀, ó mú òkúta dúdú kan, ó fọ́ ọ, ó sì kó o sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Inú òkúta náà pupa.

"Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn, Bàbá Itto." Kò pariwo. Ó fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín. Bí ti ẹlòmíràn bá ń wọ̀ yín lójú, ẹ fọ́ òkúta yín wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ má sì gbẹ́ ibi tí gbogbo ìlú ti ń mu omi. Ẹni tó ń wá ìfà, òfò ló ń wá.