Òjò Tí Òkun Pàsífíìkì Há Mọ́wọ́

Láti oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ronú kan òjò ní Jóbọ̀gì nílẹ̀ South Africa, ni Zulkifli tó ń tún fóònù ṣe ní Hillbrow ti ń wo sánmà. Oṣù kẹwàá ló yẹ kí òjò bẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá wọlé, sánmà sì mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ó wá ìdí ẹ̀ títí, ó sì rí i kà lórí fóònù: òkun Pàsífíìkì ló fà á. Tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, afẹ́fẹ́ á máa ti omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ Amẹ́ríkà lọ sí ẹ̀gbẹ́ Éṣíà. Lọ́dún yìí, ó rẹ afẹ́fẹ́ náà. Omi gbígbóná padà sẹ́yìn, ó tẹ́ rẹrẹ sáàárín òkun, òjò ayé wá ṣìnà. Àwọn kan ń rí ìkún omi, gúúsù Áfíríkà sì ń gbẹ. El Niño ni wọ́n ń pè é.

Láàárọ̀, kí Zulkifli tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ wo bí òkun tí kò rí rí ṣe gbóná tó. Jìmí, tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, á bi í pé báwo lara òkun.

"Ibà ẹ̀ ò tíì lọ," ni Zulkifli á wí.

Ó rù. Ṣọ́ọ̀bù ló ti ń jẹun alẹ́. Nílé wọn ní Yeoville, orí àga pálọ̀ ló ń sùn, ó ní ojú fèrèsé ibẹ̀ lòun ti ń rí sánmà dáadáa. Nǹkan kan ṣoṣo ni pé tó bá ti wọlé, kì í dárúkọ òjò mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dé mọ́sálásí. Àánú ọkùnrin tí kò ní oko kan, tí ìyà àwọn àgbẹ̀ ń jẹ lọ́kàn, ṣe gbogbo èèyàn. Alhaji Lìádì, àgbà mọ́sálásí, ní kó dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kó ṣàlàyé. Zulkifli ṣàlàyé afẹ́fẹ́, ó ṣàlàyé omi. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní ọ̀dá náà lè di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Àwọn àgbàlagbà náà nu ojú. Wọ́n dá ọjọ́ Sunday fún ìrun títọrọ òjò ní pápá kan ní Troyeville, wọ́n sì sọ Zulkifli ní Bàbá Àgbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, Hamidah ìyàwó ẹ̀ pe é sí kíṣìnì, ó pọn Umar jòjòló sẹ́yìn, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Umar, ṣé torí àwọn àgbẹ̀ nìkan lẹ fi ń ṣe gbogbo èyí?"

"Àti màlúù," ló wí.

Ní Sunday, ó forí kanlẹ̀ pẹ́ débi pé wọ́n ní láti fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìkùukùu dúdú yọ láti gúúsù, àrá sán, òjò dà wìì pẹ̀lú yìnyín. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ra wọn. Alhaji Lìádì ń wá Bàbá Àgbẹ̀ kó wá ṣíwájú ọpẹ́, wọn ò rí i. Jìmí ní òun rí i tó ń sáré láìwọ bàtà, tó gba iwájú àwọn takisí kọjá nígbà tí robot, iná tó ń darí ọkọ̀, ṣì pọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ayọ̀ ló gbé e, ó fẹ́ lọ dúpẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Zulkifli gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, omi ń kán lára ẹ̀ tótó, kó lè bá ìyá ìyàwó ẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́, ìyá tó wá wẹ ọmọ fún wọn nínú oṣù kẹjọ, tó sì ṣèlérí fún Hamidah pé ó di ọjọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ kí òun tó padà sílé, ṣùgbọ́n màmá ti wọ bàtà, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n jókòó lórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọkọ mi, kí ló dá ọ dúró? Láti oṣù kẹsàn-án lèmi náà ti ń bẹ òkun yẹn."